Nọ́ńbà Ló Ń Yan Ibùdó: Ìtàn Ipò Àgbà Láàrin Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú Amẹ́ríkà

Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pè ní sínnọ̀ nílé ìwé: ẹni tó ṣáájú ló ń yan bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọmọ fọ́ọ̀mù wán á sùn síbi tó bá kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ń ṣe títí dòní, àmọ́ tiwọn kì í tán lọ́dún márùn-ún.

Ọdún 1931 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn, Air Line Pilots Association, sílẹ̀ lábẹ́ David Behncke. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ gba èèyàn ló ń fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ irú bàálù tí yóò wà, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, àti ìlú tí yóò ti máa gbéra, èyíinì ni ibùdó rẹ̀. Ọ̀gá kankan ò lè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni kó gba ibùdó tó dáa. Ìyẹn dára lójú tèmi. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bọ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ì báà ti fò fún ogún ọdún, ẹ̀yìn ìlà ló ń lọ. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sì ká ibùdó ìlú rẹ̀, àfi kó máa wọ bàálù lọ síbi iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn èèyàn jù ni St. Louis, ibùdó ńlá ilé-iṣẹ́ TWA. Ní 2001, TWA wọ gbèsè, American Airlines sì rà á. Báwo ni wọn yóò ṣe da ìlà méjèèjì pọ̀? Nǹkan bí 2,300 ni awakọ̀ TWA. Wọ́n tò ju ìdajì wọn lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹni tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ fi di àbúrò ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Láti fi tù wọ́n nínú, wọ́n sọ St. Louis di ọgbà fún wọn: níbẹ̀, ipò àgbà wọn á ṣì níyì.

Ọgbà ọ̀hún ò pẹ́ tó fi gbẹ. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìlà ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó di November 2003, American dín ìrìn àjò St. Louis kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ibùdó, kò rí bàálù wà níbẹ̀ mọ́.

Àwọn sẹ́nétọ̀ Missouri méjì, McCaskill àti Bond, ló gbé òfin kan kalẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní December 2007, pé bí ilé-iṣẹ́ méjì bá dà pọ̀, kí wọ́n to ìlà náà pẹ̀lú òdodo. Àmọ́ kò kan àwọn ará TWA. Tiwọn ti kọjá. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì awakọ̀, tó ti wà ní 60 láti 1960, sí 65. Inú àwọn àgbà dùn. Ẹni tó ti ń retí pé lọ́dún tó ń bọ̀ lòun á gba ibùdó ilé, ó tún ká ẹsẹ̀ jókòó.