Ọmú Abiyamọ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí: Ìtàn Ìrísí Ìyá Ọlọ́mọ ní Ilẹ̀ Àwórì

Ọ̀tọ̀ jẹ́ ìlú Àwórì lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Àwọn Àwórì wà lára àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn tí ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí àwọn ará Kétu, Ọ̀họ̀rí àti Yewa. Ọkùnrin ní ń gbé agọ̀ náà, ṣùgbọ́n ara obìnrin ni ó ń gbé wọ̀: a di aṣọ sí ìdí kó lè tóbi, a sì so ọmú igi mọ́ àyà. Henry àti Margaret Drewal (1983) pẹ̀lú Babatunde Lawal (1996) ti fi hàn pé àyẹ́sí àti ìtùnú fún àwọn ìyá ni ijó yìí wà fún.

Síbẹ̀, ọkùnrin ní ń gbẹ́ ère náà, òun náà ní ń jó o, ìbẹ̀rù sì wà nínú ìyìn rẹ̀. Ẹ̀rí tó sún mọ́ obìnrin fúnra rẹ̀ wà nínú èpè. Bí ọmọ bá ṣẹ ìyá rẹ̀ kọjá ààlà, ìyá lè di ọmú rẹ̀ mú kí ó sì fi í ṣépè. Agbára yìí kò sí lára ọmú ọlọ́mọge; ọmú tí ọmọ ti mu ni ó ní in. Nítorí náà, ọmú tó ti wálẹ̀ kì í ṣe àbùkù, ẹlẹ́rìí ni.

Kí ló wá yí ojú ìwòye yìí padà? Ìwádìí tí J. C. Caldwell àti Pat Caldwell tẹ̀ jáde ní 1977 fún wa ní ọ̀nà àbáyọ kan. Láyé àtijọ́, ìyá kì í bá ọkọ lò pọ̀ títí ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí tó lè gba ọdún 2 sí 3, nítorí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́. Ọmọ nìkan ló ni ara ìyá lásìkò náà. Láàárín àwọn tó kàwé, àkókò yìí ń kúrú sí i. Nígbà tí ọmọ àti ọkọ jọ ní ìpín nínú ara kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rọrùn kí a máa fi ara abiyamọ wé ara ọlọ́mọge.

Òfin ti gbìyànjú. Ní 1990, Nàìjíríà ṣe òfin lórí títa mílíìkì alágolo fún ọmọ ọwọ́. Ní 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù 6. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù 6, nǹkan bí 29 péré ni a ń fún ní ọmú nìkan. Òfin ń sọ nípa mílíìkì àti àkókò. Kò sọ nípa ìrísí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí Brian Rinker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà (2008) rí i pé iye oyún, ọjọ́ orí àti sìgá mímu wà lára ohun tí ń mú ọmú wálẹ̀. Fífún ọmọ lọ́mú kò sí níbẹ̀.

Ìyá tó bá tìtorí ẹwà já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú kò jèrè ẹwà náà, ọmọ sì pàdánù. Ara kọ́ ló yí padà nínú ìtàn yìí, bí kò ṣe ìtumọ̀ tí àwùjọ ń fún un.