Oògùn Ẹ̀yìn àti Orúnkún: Láti Ìgbà Alábùkún Dé Òní

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn! Nọ́ọ̀sì yín tún ti dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé bàbá àgbẹ̀ kan wá sọ́dọ̀ wa. Orúnkún ló ń dun bàbá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń lo oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá lọ́jà. Nígbà tí wọ́n máa gbé wọn dé, ìgbẹ́ wọn ti dúdú bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ ni, inú ló ti ń ṣàn. Orí ló kó bàbá yọ.

Báwo la ṣe dé ibí yìí?

Òrí àti omi gbígbóná ni àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú ẹ̀yìn àti orúnkún. Ní 1899, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì gbé aspirin jáde. Ní 1918, Jacob Sogboyega Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ Alábùkún. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú ìyẹ̀fun náà.

Lẹ́yìn náà ni Butazolidin dé. Ó ń mú làkúrègbé, ṣùgbọ́n ó ń ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Lónìí, ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Ibuprofen jáde ní ìlú Ọba ní 1969, diclofenac sì tẹ̀ lé e.

Ní 1971, John Vane ṣàlàyé bí aspirin àti irú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Nǹkan kan wà nínú ara tó ń fa ìrora àti wíwú. Nǹkan yìí kan náà ló ń dáàbò bo ikùn, tó sì ń ran kíndìnrín lọ́wọ́. Bí oògùn bá dí i lọ́nà, ìrora á lọ, ṣùgbọ́n ikùn á ṣí sílẹ̀ fún ọgbẹ́.

Wọ́n wá ṣe Vioxx ní 1999, wọ́n ní kò ní pa ikùn lára. Ní 2004, wọ́n kó o kúrò lọ́jà, torí ó ń fa àrùn ọkàn. Ní 2013, àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù kìlọ̀ nípa ọkàn lórí diclofenac náà.

Èmi náà jẹ̀bi o. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá kọbè dé tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, abẹ́rẹ́ diclofenac ni. A kì í bi í bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lónìí, mo máa ń bi í.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tún wá gbé tramadol kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó ń di bárakú. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí wọ́n má fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ẹ̀yìn tó ti ń dunni tipẹ́; eré ìdárayá ni wọ́n dámọ̀ràn.

Nítorí náà:

1. Ẹ̀yin tó ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn, ẹ máa dìde na ẹ̀yìn lóòrèkóòrè. Àgbẹ̀, ẹ máa sinmi láàárín ebè.
2. Bí orúnkún bá ń dunni, ẹ kọ́kọ́ lo oògùn ìpara.
3. Ẹ má lo ibuprofen tàbí diclofenac lórí òfo, ẹ má pa méjèèjì pọ̀, ẹ má sì lò ó pẹ́.
4. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí kíndìnrín, àti aboyún: ẹ béèrè kí ẹ tó lò ó.
5. Ẹ má ra oògùn tí kò ní orúkọ lára.
6. Ìgbẹ́ dúdú tàbí èébì ẹ̀jẹ̀: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀!

Ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá yín. Bí wọn ò bá lè kà á, ẹ kà á sí wọn létí. Ara á le o.