Ìdámọ̀ àwọ̀ ọ̀dà àkọ́kọ́ lára ọkọ̀ ìje àtijọ́

Ìdámọ̀ àwọ̀ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wíwádìí àwọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi kun ọkọ̀ kan kí ó tó jáde síta, láìka iye ìgbà tí wọ́n ti tún un kùn lẹ́yìn náà sí. Ẹ̀rí mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé: ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, àmì tí a kọ sára ọkọ̀, àti ọ̀dà fúnra rẹ̀ tí ó ṣì wà ní kọ̀rọ̀ irin. Ní Yúróòpù, ìwé ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ìlú bíi Niamey, níbi tí oòrùn, iyanrìn àti òwò ọkọ̀ àlòkù ti jọ ń pa àwọ̀ àti ìwé rẹ́, kọ̀rọ̀ irin ni ẹ̀rí tí ó sábà máa ń ṣẹ́ kù.

Bí àwọ̀ ṣe di ohun àkọsílẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀, ọ̀dà náà sì ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó gbẹ. Láti ọdún 1914 títí di 1925, àwọ̀ dúdú nìkan ni Ford fi ta Model T rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà Duco jáde ní nǹkan bí ọdún 1923, tí a ń fọ́n, tí ó sì ń yára gbẹ, ó rọrùn láti ta ọkọ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀. Bí àwọ̀ ṣe pọ̀ sí i ni ilé-iṣẹ́ nílò àmì tí yóò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Lórí pápá ìdíje, àwọ̀ ni ó ń sọ orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ti wá: búlúù fún Faransé, àwọ̀ ewé fún Bìrìtìkó, pupa fún Ítálì, funfun fún Jámánì. Láti ọdún 1934 ni ọkọ̀ Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní àwọ̀ fàdákà. Nígbà tí Mercedes-Benz gbé 300 SL jáde ní ọdún 1954, àwọ̀ fàdákà yìí ni wọ́n sábà fi kùn ún, àmì rẹ̀ sì ni DB 180. Volkswagen pe dúdú tirẹ̀ ní L41. Irú àmì báyìí ni olùwádìí ń wá, nítorí orúkọ àwọ̀ a máa yí padà láti ọdún dé ọdún, orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ti àwọ̀ méjì ní ilé-iṣẹ́ méjì.

Peugeot 504 àti ọ̀nà aṣálẹ̀

Ọkọ̀ tí ìtàn yìí hàn lára rẹ̀ jùlọ ní agbègbè yìí ni Peugeot 504, tí ó jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1969 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìje jáde, èyí tí a mọ̀ sí coupé, pẹ̀lú cabriolet tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Wọ́n ṣe wọ́n títí di ọdún 1983. Ove Andersson fi 504 gba ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1975. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 coupé gba Safari, ó sì tún gba ìdíje Côte d'Ivoire.

Níbi tí a ti kun 504 kan ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń wá àwọ̀ rẹ̀. Sochaux, ní ìlà-oòrùn Faransé, ni olú ibi iṣẹ́ Peugeot. Ṣùgbọ́n Pininfarina ti ìlú Turin ní Ítálì ni ó ya àwòrán coupé àti cabriolet, òun ni ó kọ́ ara wọn, òun náà ni ó sì kùn wọ́n kí a tó kó wọn lọ sí Sochaux fún ẹ́ńjìnnì. Láti ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 fún ọjà Nàìjíríà. Nítorí náà, 504 mẹ́ta tí ó dúró pa pọ̀ ní Niamey lè ti gba ọ̀dà ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá sì ń lo ìwé àwọ̀ ìlú kan fún gbogbo wọn yóò ṣìnà.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ọkọ̀ àlòkù gbà dé Niger. Yorùbá ń pe ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun wá ní tòkunbọ̀, irú èyí tí ń gba èbúté Cotonou àti Lọ́mẹ́ wọlé. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò rí òkun Gínì rárá. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, àwọn ọmọ Yúróòpù ń wa Peugeot la Sàhárà kọjá, láti Tamanrasset ní Àlùjíríà sí Assamakka, Arlit àti Agadez, kí wọ́n lè tà á ní Niamey tàbí ní etíkun. Ìdíje Paris–Dakar àkọ́kọ́, tí ó gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1978, la Niger kọjá pẹ̀lú. Ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg ní Niger àti ogun abẹ́lé Àlùjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀nà aṣálẹ̀ náà dé.

Ohun tí ilẹ̀ Sahel ń ṣe sí ọ̀dà

Oòrùn a máa ba ọ̀dà jẹ́ láti òkè wá. Pupa a ṣá, funfun a di ẹfun tí ń ṣí mọ́ ọwọ́, ọ̀dà àtijọ́ kan a sì pọ́n bí epo. Iyanrìn tí atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé a máa ha iwájú ọkọ̀ títí irin yóò fi hàn. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́, abẹ́ ìjókòó ni ó ń pẹ́ jùlọ.

Nítorí èyí, àtúnkùn jẹ́ ara ìtọ́jú ọkọ̀. Ní àwọn àdúgbò Niamey bíi Boukoki, ìta gbangba ni a ti sábà ń na irin ọkọ̀ tí ó wó, tí a sì ń fọ́n ọ̀dà sí i. Orúkọ Boukoki bá *bukkoki* ti èdè Haúsá mu, ìyẹn ọ̀pọ̀ *bukka*, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá sọ di búkà. Ọ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ni oníṣẹ́ ń lò, kì í ṣe èyí tí àmì ilé-iṣẹ́ pè. Ọkọ̀ tí ó di takisí a gba àwọ̀ takisí, èyí tí ó kúrò nínú takisí a sì tún gba òmíràn. Bí ogún ọdún bá kọjá báyìí, ọkọ̀ kan lè wọ ọ̀dà mẹ́rin tàbí márùn-ún lé ara wọn.

Ìlànà ìwádìí

*Ìwé àti àmì.* Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni a fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Jaguar Daimler Heritage Trust ní Bìrìtìkó máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tí ó sọ àwọ̀ tí Jaguar kan ní nígbà tí ó jáde. L'Aventure Peugeot, tí ó ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Sochaux ní ọdún 1988, ń tọ́jú ìtàn ọkọ̀ Peugeot. Lẹ́yìn ìwé ni a ń wá àmì àwọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí, lára ọ̀pọ̀ Porsche 911, lára òpó ilẹ̀kùn.

*Kọ̀rọ̀ irin.* A ń yọ ohun tí ó bo irin: awọ inú ilẹ̀kùn, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, iná ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì búùtù, àti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí àwọ̀ kan náà bá hàn ní gbogbo ibẹ̀, ẹ̀rí náà lágbára. Bí ọ̀dà bá ta sára rọ́bà tàbí wáyà, àtúnkùn nìyẹn, nítorí ilé-iṣẹ́ a máa kun ara ọkọ̀ kí ó tó fi ìwọ̀nyí sí i.

*Kíka ìpele.* A ń fi sáńdípépà tí ó kúnná àti omi pa ojú kan kékeré títí yóò fi dé irin, tí ìpele kọ̀ọ̀kan yóò hàn bí òrùka yí ìsàlẹ̀ ká. Àwọ̀ tí ó jókòó tààrà lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́, láìsí eruku tàbí ojú ìhá láàárín wọn, ni àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìnípọn ọ̀dà a máa ràn án lọ́wọ́: ọ̀dà ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 nínú ìdá mílíọ̀nù mítà kan. Ibi tí ó bá ju 1,000 lọ, àmọ̀ ìdíhò ni ó sábà wà lábẹ́ rẹ̀.

*Ìdánwò tínà.* A ń fi àkísà tí a rì sínú tínà nu ojú ọ̀dà. Ọ̀dà tí ilé-iṣẹ́ fi ooru ààrò gbẹ kì í tètè yọ́. Bí àwọ̀ tí a pè ní àkọ́kọ́ bá yọ́ mọ́ àkísà lára ọkọ̀ tí a mọ̀ pé inú ààrò ni ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ, ẹlòmíràn ni ó fọ́n ọn.

*Ìfiwéra.* Ojú tí oòrùn kò rí ni a ń mú wá fún ìfiwéra, lẹ́yìn tí a bá ti nù ún dán. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó yẹ, nítorí àwọ̀ méjì lè bára mu lábẹ́ iná mànàmáná kí wọ́n sì yàtọ̀ níta.

Ìṣìnà, ẹ̀tàn àti ewu

Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. Ilẹ̀kùn lè ti ara ọkọ̀ mìíràn wá, àmì àwọ̀ sì ṣeé yọ kúrò lára ọkọ̀ tí ó ti kú. Ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ a máa kun ọkọ̀ ní àwọ̀ àkànṣe bí olówó bá béèrè, ọkọ̀ ìdíje a sì máa wọ ọ̀dà onígbọ̀wọ́ lórí ti ilé-iṣẹ́. Ní ọjà àwọn tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, àwọ̀ tí kò wọ́pọ̀ a máa gbé owó ọkọ̀ sókè, èyí sì ń mú kí àwọn kan purọ́ mọ́ ọn. Ìbámu ìwé, àmì àti irin ni ó ń tú irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Ewu kan tún wà fún oníṣẹ́. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, pàápàá àwọ̀ ìyeyè àti ti ọsàn. Eruku rẹ̀ a máa ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́, nítorí náà omi ni a fi ń pa á, kì í ṣe ní gbígbẹ, a sì ń fi ìbòmú bo imú. Èyí ṣe pàtàkì níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbé.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìtàn

Ìpele ọ̀dà lára ọkọ̀ kan ní Niamey jẹ́ ìtàn ìrìn-àjò rẹ̀: ìlú tí a ti ṣe é, iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ọwọ́ tí ó bọ́ sí. Nítorí náà, àwọn olùtọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ kan kì í há gbogbo ìpele dànù. Wọ́n máa ń fi ojú kékeré kan sílẹ̀ ní abẹ́ búùtù tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù láìtún un kùn, wọ́n sì máa ń ya fọ́tò rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí a bá há délẹ̀ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ lè gba àwọ̀ tí ó tọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé àwọ̀ náà ni ó tọ́ ti bá eruku lọ.