Ọjọ́ Kan Lẹ́nu Ẹ̀kọ́ Ìròyìn: Láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè

Inú jọ́tà akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni mo ti to ọjọ́ yìí jọ ní wákàtí-wákàtí. Ọmọ Òkìtìpupa ni. Ó ti gba ND nínú ìmọ̀ ìròyìn ní pólì, ó sì ń lo ọdún ìkọ́ṣẹ́ tó wà láàárín ND àti HND lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ tí mo gbé lé e lọ́wọ́ ni pé kí ó tọpa ìròyìn àwọn tó kú ní Òde-Ìrèlè ní oṣù kẹrin ọdún 2015: ta ló kọ́kọ́ sọ kí ni, níbo ló sì ti mọ̀ ọ́n?

Aago 5:30 ìdájí

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni fóònù rẹ̀. Lálẹ́ àná ló ti gbé e lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọtóṣọ̀ọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè mẹ́gáwáàtì 335. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni Òkìtìpupa àti àwọn ìlú míràn ní gúúsù Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Akọ̀ròyìn tí fóònù rẹ̀ bá kú sọ́nà ti pàdánù ohùn ẹni tó lọ bá, nítorí náà ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Aago 7:00 àárọ̀

Mo bi í pé kí ló mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀gá, wọ́n ní àìsàn àràmàǹdà kan ló pa àwọn èèyàn náà."

"Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀?"

Kò rí èsì fọ̀. Mo ní kí ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ojú ewé àkọ́kọ́: Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Ta ló lè já a nírọ́? Ó wá gun ọ̀kadà, ó di Òde-Ìrèlè.

Aago 9:15

A kì í fi ìbéèrè wọ ilé àgbà. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá tó bá níwájú ilé. Bàbá bi í pé ọmọ ta ni. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti àdúgbò wọn ní Òkìtìpupa, nígbà náà ni wọ́n tó ní kí ó jókòó. Ó sọ iṣẹ́ tó bá wá, ó sì tọrọ àyè kí ó tó tẹ fóònù tó máa gba ohùn sílẹ̀.

Ohun tí bàbá sọ bá àkọsílẹ̀ ìgbà náà mu. Orí á máa fọ́ èèyàn, ojú á ṣú, á dákú, kí ọjọ́ kejì sì tó pé, ó lè ti kú. Bàbá fi kún un pé àwọn kan nínú ìlú ní òrìṣà Malòkun ló ń bínú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí. Wọ́n ní òkú làwọn rí, pé ti òrìṣà, àwọn gbọ́ ọ ni. Ó pín ojú ìwé náà sí méjì: ohun tí wọ́n rí lápá kan, ohun tí wọ́n gbọ́ lápá kejì.

Aago 12:00 ọ̀sán

Òṣìṣẹ́ ìlera kan ní òun kò ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dúpẹ́, ó sì kọ aago àti èsì náà sílẹ̀.

Aago 2:30

Ó ti padà dé. Ó tẹ́ àwọn ìròyìn ọdún 2015 kalẹ̀ ní ọjọ́-ọjọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti là.

Ìbẹ̀rù Ẹ̀bólà ṣì wà lára aráàlú nígbà náà. Oṣù keje ọdún 2014 ló wọ Nàìjíríà, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí èèyàn méjìdínlógún kú ní Òde-Ìrèlè láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnu kò gbófo. Àwọn kan ní àrùn tuntun ni, àwọn kan ní òrìṣà ni. Àyẹ̀wò ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, kò rí Ẹ̀bólà. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá sọ pé àwọn ń fura sí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko. Ìfura ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ìfura" yẹn ti já bọ́ nínú àkọlé ìròyìn míràn. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, nínú ọtí ìbílẹ̀ tí àwọn èèyàn mu. Bí mẹ́tánọ́ọ̀lù bá wọ ara, ara a sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú wọn fi ń ṣú.

Aago 5:00 ìrọ̀lẹ́

Gbólóhùn tó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn rẹ̀ ni pé ìbínú òrìṣà dé sí Òde-Ìrèlè. Mo bi í pé apá wo nínú jọ́tà ló ti mú un. Ó wò ó, ó rí i pé apá ohun tí wọ́n gbọ́ ni, ó sì fagi lé e fúnra rẹ̀. A jọ jiyàn bóyá kí á yọ ọ̀rọ̀ Malòkun kúrò pátápátá. Ó ní rárá, pé ohun tí ìlú ń sọ nígbà náà jẹ́ ara ìtàn. Òótọ́ ló sọ. Ó fi èsì àyẹ̀wò ṣáájú, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ìlú sí ìsàlẹ̀, pé àwọn kan ló sọ ọ́.

Aago 8:00 alẹ́

Ó ka iṣẹ́ náà sókè létí mi, lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ní irú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí a fi ń pe ikú náà ní àrùn tàbí ìbínú òrìṣà, kò sí ohun tó ní kí ẹnikẹ́ni gbé ìgò ọtí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọtí tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de ògógóró ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ọgbọ́n kíkọ nìkan kò tó. Bí ẹ bá gbọ́ "wọ́n ní", ẹ bèèrè àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé kálàmù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa rán wọn jáde kúrò ní kíláàsì, kí ẹ sì dúró gba àbọ̀ lọ́wọ́ wọn.