Fífi Èbu Ṣẹ́gun Èbu: Ìdènà Aflatoxin Láti Oko Dé Ọjà Alímọ̀ṣọ́

Fífi èbu ṣẹ́gun èbu jẹ́ ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà dènà aflatoxin, májèlé tí èbu kan máa ń pèsè sínú àgbàdo, ẹ̀pà àti ọkà bàbà. Oògùn apakòkòrò kọ́ ni wọ́n ń fọ́n. Èbu mìíràn tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, àmọ́ tí kò lè pèsè májèlé, ni wọ́n máa ń fọ́n sóko kó lè gba ààyè mọ́ olóró lọ́wọ́. Ní Nàìjíríà, Aflasafe ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń fọ́n náà, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA tó wà ní Ìbàdàn ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀.

Oko ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ará ìlú gbọ̀ngbọ̀n. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ti kún ibi tí oko wà nígbà kan. Àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe ògì ní Ìkọ̀tún, ẹ̀pà tí wọ́n ń yan ní Ẹ̀gbẹ́dá, àti oúnjẹ tí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ń rà ní Ìgàndò, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ohun tí àgbẹ̀ ṣe tàbí tí kò ṣe níbẹ̀ ló ń pinnu ohun tó wà nínú abọ́ ọmọ níbí.

Èbu náà àti májèlé rẹ̀

Aspergillus flavus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún èbu náà. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn ooru. Bí òjò bá dáwọ́ dúró nígbà tí ọmọ àgbàdo ń gbó, tàbí tí kòkòrò bá lu ara rẹ̀, èbu náà á ráyè wọlé. Lẹ́yìn ìkórè, bí wọ́n bá sá àgbàdo sórí ilẹ̀ lásán, tàbí tí wọ́n dì í sápò nígbà tí kò tíì gbẹ dáadáa, á túbọ̀ máa gbilẹ̀.

Ojú kò lè rí májèlé náà. Lóòótọ́, àgbàdo tó ti bu jẹ́ àmì ewu, ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ lójú náà lè ní in nínú. Iná ìdáná kò sì ràn án. Bí a bá se ògì títí tó fi hó, tí a yan ẹ̀pà, tàbí tí a din kulíkulí, ọ̀pọ̀ nínú májèlé náà á ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbé gbogbo ẹrù yìí ka orí ìyá tó ń se oúnjẹ.

Ọdún 1960 ni ayé mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé èérún ẹ̀pà tó wá láti Brazil, tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ wọn, ló ní májèlé nínú. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń fi hàn pé ewu náà kò mọ sára ẹyẹ. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka aflatoxin mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ẹni tó bá sì ti ní kòkòrò àrùn hepatitis B lára, ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ fíìfíì.

Nígbà tí májèlé náà bá pọ̀ lójijì, ó lè pani láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ìlà oòrùn Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, ènìyàn 317 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo olóró, 125 nínú wọn ló sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣọṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2002 lórí ọmọdé 480 ní Benin àti Tógò, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án dé ọmọ ọdún márùn-ún, rí àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ni wọ́n kúrú jù tí wọ́n sì rù jù. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú sórí ògì ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ní tààràtà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo Aspergillus flavus ló ń pèsè májèlé. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò ní agbára rẹ̀ rárá. Peter Cotty, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ sọ òye yìí di iṣẹ́ lóko òwú ní Arizona. Òun àti Ranajit Bandyopadhyay ti IITA pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló wá gbé e wá sí Nàìjíríà.

Wọn kò kó èbu òkèèrè wọlé. Inú ilẹ̀ àti irúgbìn oko Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣa èbu jọ, wọ́n dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yan mẹ́rin tí kì í pèsè aflatoxin tó sì lè bá olóró du ààyè. Àwọn mẹ́rin yìí ló wà nínú Aflasafe. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda onígbà díẹ̀ lọ́dún 2009, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún lọ́dún 2014. IITA kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń ṣe é sí Ìbàdàn, èyí tó lè ṣe tọ́ọ̀nù márùn-ún ní wákàtí kan. Sẹ̀nẹ̀gà, Gáńbíà, Gánà, Burkina Faso, Kẹ́ńyà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti ní tiwọn, èbu ilẹ̀ wọn ni wọ́n sì lò.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Orí ọkà bàbà ni wọ́n máa ń lẹ èbu aláìlóró náà mọ́. Wọ́n á ti fi iná pa ọkà náà kó má baà hù lóko, wọ́n á sì fi aró búlúù kùn ún kí ènìyàn má baà ṣèèṣì jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ á fi ọwọ́ fọ́n kìlógíráàmù mẹ́wàá sórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀rinrin nígbà náà.

Èbu náà á jẹ ọkà yìí bí oúnjẹ, á hù lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò á sì gbé e káàkiri oko. Bí ẹni tó tètè dé ọjà ṣe ń gba ìsọ̀ tó dára, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń gba ara àgbàdo kí olóró tó dé. Bí àgbẹ̀ bá lò ó bó ṣe yẹ, aflatoxin máa ń fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ dín kù. Àǹfààní mìíràn ni pé èbu tó gba ara àgbàdo lóko á bá a dé inú àká, á sì máa dáàbò bò ó níbẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Aflasafe kò lè yọ májèlé tó ti wọ inú oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Kò sì kápá àwọn májèlé èbu mìíràn, irú bíi fumonisin, tí èbu tí wọ́n ń pè ní Fusarium ń pèsè sínú àgbàdo. Àgbẹ̀ tó lò ó gbọ́dọ̀ ṣì kórè lásìkò, kó sá àgbàdo rẹ̀ sórí tapólì, kó sì to àpò rẹ̀ sórí pákó.

Ìmọ́tótó lẹ́yìn ìkórè ní agbára tirẹ̀. Ní agbègbè Kindia ní Gíní, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé kan láti máa ṣa ẹ̀pà tó ti bu kúrò, kí wọ́n máa sá a sórí ẹní, kí wọ́n sì máa kó o sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ìdajì ti àwọn abúlé tí wọn kò kọ́. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbọ̀ ìwádìí náà jáde lọ́dún 2005.

Owó àti ọjà

Àgbẹ̀ ló ń ra Aflasafe, ẹlòmíràn ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Nítorí pé ojú kò lè rí ìyàtọ̀, àgbàdo tó mọ́ àti èyí tó lóró lè jẹ́ iye kan náà lọ́jà. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní AgResults gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí èyí ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2013 sí 2019. Ó ń san dọ́là 18.75 lé orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan àgbàdo tí wọ́n ti lo Aflasafe sí. Ó fi hàn pé àgbẹ̀ kékeré á gba nǹkan tuntun bí èrè bá wà níbẹ̀.

Òfin ọjà òkèèrè pẹ̀lú ń ti àgbẹ̀ láti dènà májèlé yìí. Ilẹ̀ Yúróòpù kì í gbà ju màíkírógíráàmù mẹ́rin aflatoxin lọ nínú kìlógíráàmù kan ọkà tí ènìyàn máa jẹ. 20 ni Amẹ́ríkà fàyè gbà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣa èyí tó dára fún òkèèrè, kí èyí tó kù sì wá sí ọjà wa. Ìkòkò ọmọ Ìkọ̀tún kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ń da àṣàkù sí.

Ní Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tí kò dáko náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀pà tó rọ, tó yí àwọ̀ tàbí tó korò, kí a ṣà á dànù. Àgbàdo tó ti bu, kí alágbàdo má pò ó mọ́ èyí tó dára, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ, nítorí adìyẹ tó bá jẹ ẹ́ kò ní yé ẹyin bó ṣe yẹ, ó sì lè kú. Kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, tó wà lára abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ìkókó.

Èyí tó lágbára jù ni ìbéèrè ẹni tó ń ra ọjà púpọ̀: àwọn ẹgbẹ́ alágbàdo, àwọn tó ni ilé ìpo oúnjẹ adìyẹ, àwọn ilé ìwé tó ń fún ọmọ lóúnjẹ. Bí wọ́n bá ń béèrè oko tí àgbàdo ti wá àti bóyá wọ́n lo Aflasafe níbẹ̀, tí wọ́n sì múra tán láti fi owó díẹ̀ lé e, àgbẹ̀ á rí ìdí tó fi yẹ kó rà á kí òdòdó tó yọ. Ṣáájú òdòdó yẹn nìkan ni a ti lè fi èbu ṣẹ́gun èbu.