A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

  Ewì lẹ mọ̀ mọ́ mi nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ìtàn ni mo gbé wá. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ìdí-Àràbà ni mo gbé dàgbà. Lọ́dún tí mo wọlé sí Yunilag láti kọ́ Yorùbá, màmá kan tó ń ta àkàrà ládùúgbò wa bi mí pé, "Ṣé o ò ní máa lọ láti ilé ni? Ṣèbí ẹ̀yìn ilé wa níbí ni yunifásítì wà." Mo ní, "Rárá o, mà. Akọkà ni tiwa. Àwọn dókítà ló wà níbí." Màmá yí àkàrà inú epo, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n níbí náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o. Má fojú kéré ibi tá a bí ọ sí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ilé ìkàwé ni mo rí i pé èmi gan-an ni mi ò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí Nàìjíríà ń gba òmìnira ní 1960, ìgbìmọ̀ tí Eric Ashby jẹ́ olórí rẹ̀ ti sọ pé yunifásítì tó wà nílẹ̀ kò ní tó wa, pé ó yẹ kí Èkó, olú-ìlú ìgbà náà, ní tirẹ̀. Ní 1961, àjọ UNESCO rán àwọn onímọ̀ wá láti sọ bí yóò ṣe rí. Nígbà tó di 1962, ilé aṣòfin ṣe òfin, Yunifásítì Èkó sì dúró. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà yìí, òfin, àti okòwò pẹ̀lú ìmọ̀ àwùjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré ni wọ́n gbà. Nínú wọn, 28 ló wá kọ́ ìṣègùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Kíláàsì GST wa tí a ti ń dúró sójú fèrèsé, bí ẹ bá kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ 1962 síbẹ̀, àyè á ṣẹ́kù. Ilé ìwé kékeré ni. Èèyàn mọ èèyàn. Olùkọ́ mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mọ ilé olùkọ́. Bí Ìdí-Àràbà ṣì ṣe rí díẹ̀ nìyẹn títí dòní. Ẹ lọ sí Medilag lọ́wọ́ alẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń kí ara wọn lórúkọ, tí ẹni ọdún kẹfà ń bá ẹni ọdún kejì wá ìwé tí òun náà ti kà. Àwa tá a wà ní Akọkà, etí ọ̀sà la ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó fẹ́ kàwé wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ fẹ́ra wà níbẹ̀, ẹni tí họ́sítẹ̀ẹ̀lì ò kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń ronú ibi tí yóò sùn.

Gíwá àgbà àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ọmọ Ígbò láti Ohafia. Ìmọ̀ nípa igi àti ewéko ni iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí èyí: ẹni tó mọ igi ni wọ́n fi ṣe olórí ilé ìwé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní ìdí àràbà. Ẹni tó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni Horatio Oritsejolomi Thomas, oníṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ṣe olórí ẹ̀ka òfin ni Gower, òyìnbó. Ilé ìwé tí kò tó ilé ìwé gírámà kan lónìí, ẹ wo bó ṣe kó ayé jọ.

Ọdún mẹ́ta péré ni gbogbo rẹ̀ fi tòrò.

Ní 1965, sáà Njoku fẹ́ parí. Sẹ́néètì, ìyẹn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilé ìwé fúnra wọn, ní àwọn ṣì fẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ tó wà lókè wọn kò gbà. Wọ́n mú Saburi Biobaku, ọmọ Abẹ́òkúta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́ o: Biobaku kì í ṣe ọ̀lẹ. Òpìtàn ni. Àwa tá a ń kọ́ Yorùbá ò lè ṣe iṣẹ́ lórí Ẹ̀gbá ká má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbò 1964 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ìjà ìṣèlú gbóná, wọ́n sì ti ń ka ẹ̀yà ẹni kí wọ́n tó ka iṣẹ́ ẹni. Bí wọ́n ṣe yọ Ígbò tí wọ́n fi Yorùbá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ mọ́ pé ta ló mọ iṣẹ́. Ìbéèrè di pé: ta ló ni Èkó?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárí gá. Wọ́n ti ilé ìwé pa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé àwọn mìíràn. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1965, akẹ́kọ̀ọ́ kan yọ ọ̀bẹ, ó sì gún Biobaku. Ẹ̀yin ará, ọmọ Yorùbá bíi Biobaku ni akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé Yorùbá ń bẹ níhìn-ín, Ígbò ń bẹ lọ́hùn-ún, níbo lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ yẹn sí?

Ọlọ́run yọ Biobaku. Kò kú, ó sì wà lórí àga náà fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Njoku lọ di gíwá àgbà ní Nsukka ní 1966. Kí ọdún kejì tó parí, ogun abẹ́lé ti dé. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìwé kékeré wa ní 1965, bí ẹni tó kọ́kọ́ ta òjò sí wa lára ló rí, kí ìjì tó dé.

Àwọn àgbà wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí nìyẹn. Àwọn aláṣẹ fá orí ilé ìwé, wọn ò gbọ́ ti olórí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́bẹ náà ṣe bákan náà: ta ló rán an níṣẹ́ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ jẹ́ ká fò dé 2012, torí ẹ̀gbọ́n wa ló ṣojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, gíwá àgbà ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetokunbo Sofoluwe, kú sórí iṣẹ́. A ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ 29, ó ní láti ọjọ́ náà lọ Yunifásítì Moshood Abiola ni wá. Abiola tó ìyẹn, ó ju ìyẹn lọ. Òun ni wọ́n dìbò fún ní 1993, àtìmọ́lé ló sì kú sí ní 1998. Ṣùgbọ́n wọn ò bi ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì tún òfin ilé ìwé ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, wọ́n dí afárá Third Mainland, wọ́n ti ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní oṣù kejì 2013, ìjọba dá orúkọ padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde yẹn, ọmọ Yorùbá bíi Abiola ni. Wọn ò bá òkú jà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fárí ni wọ́n bá jà. Ẹ sì kíyè sí i: kò sí ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn.

Ní 2023, nígbà tí owó ilé ìwé fò sókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún jáde ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n jókòó ìpàdé, owó náà sì dín díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n a jókòó, a sọ̀rọ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ígbò, ní Ìdí-Àràbà. Mo gba dánfó láti Yábàá lọ sí Ojúẹlẹ́gba, mo wọ òmíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ṣé Njoku tó ni họ́sítẹ̀ẹ̀lì yẹn nìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó ní òun ti sùn níbẹ̀ rí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, òun ò mọ̀ pé èèyàn ni.

Ó yá, ẹ gbọ́. Ní Akọkà lónìí, họ́sítẹ̀ẹ̀lì Eni Njoku wà, họ́sítẹ̀ẹ̀lì Saburi Biobaku wà, nínú ọgbà kan náà. Àwọn méjì tí wọ́n fi orúkọ wọn jà ní 1965, àwọn ọmọ wọn ti ń yá ara wọn ní gààrí àti síbí. Ọmọ Ígbò ń sùn ní Biobaku, ọmọ Yorùbá ń sùn ní Njoku, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ó sì dùn mí, torí àìmọ̀ ló fà á, kì í ṣe ìdáríjì. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọ̀bẹ ti gun ilé ìwé rẹ̀ lè tún gbé ọ̀bẹ.

Ní 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Folasade Ogunsola di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ gíwá àgbà wa. Ìdí-Àràbà ló ti wá, olùkọ́ nípa kòkòrò àrùn ni. Mo sáré lọ sọ fún màmá alákàrà. Wọ́n ní, "Mo sọ fún ọ."

Nítorí náà, nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá ń wọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ẹ gbójú sókè, ẹ ka orúkọ tó wà lára ògiri. Ẹ bi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín bóyá ó mọ̀ ọ́n. Bí ò bá mọ̀, ẹ sọ fún un. Olórí kì í mọ ìgbà tí wọ́n ń fárí òun bó bá ń sùn.

Ire o.