Ta Ni Wọ́n Kọ Ìwé Atọ́nà Yẹn Fún? Ìtàn Green Book Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

  

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní òun àti ìyàwó òun fẹ́ wa mọ́tò la Amẹ́ríkà já, láti New York dé Los Angeles. Ó ti wo ìwé atọ́nà arìnrìnàjò mẹ́ta mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá ń bi mí pé èwo ni kí òun rà. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Èmi tí mi ò tíì wa mọ́tò kọjá Ìlọrin rí! Àmọ́ ẹ mọ̀ mí. Tẹ́ ẹ bá bi mí ní ìbéèrè, inú ìtàn ni mo máa ń wá ìdáhùn lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló di ètò tòní.

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta lẹ ti béèrè? Ẹni tí kò mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́ lè júwe ọ̀nà tó tẹ́jú fún ara rẹ̀, kí ọ̀nà kan náà sì kó yín sí wàhálà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé atọ́nà rí.

Ìwé tí wọ́n fi ń ta táyà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1900. Mọ́tò tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ò tó 3,000. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, André àti Édouard Michelin, ń ṣe táyà tà. Ìṣòro wọn ni pé bí mọ́tò bá jókòó sílé, táyà ò ní gbó, bí táyà ò bá sì gbó, ta ló máa ra tuntun? Ni wọ́n bá tẹ ìwé kékeré kan, nǹkan bí ẹ̀dà 35,000, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà wà níbẹ̀, ibi tí epo wà, ibi tí mẹkáníìkì wà àti ibi téèyàn lè sùn. Ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí ẹ̀.

Ìwé tó wúlò ni, mi ò bú u. Àmọ́ ẹ fi ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ sọ́kàn: wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ rìn jìnnà kí táyà yín lè tán. Gbogbo ìwé atọ́nà ló ní ìdí tiẹ̀.

Ìwé méjì, ọdún kan náà

Ẹ wá bá mi kálọ sí Amẹ́ríkà, lọ́dún 1936. Route 66, títì tó ti Chicago lọ sí Los Angeles, ti pé ọdún mẹ́wàá, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi máìlì 2,400. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ní mọ́tò. Lọ́dún yẹn gan-an, ọkùnrin méjì tẹ ìwé atọ́nà jáde.

Ọ̀kan ni Duncan Hines. Òyìnbó ni, ọmọ Kentucky, tó fi Chicago ṣe ibùgbé. Iṣẹ́ títa ọjà fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń gbé e káàkiri, torí náà, ojú ọ̀nà ló ti máa ń jẹun. Ó máa ń kọ orúkọ ilé oúnjẹ tó bá wù ú sílẹ̀. Ní Kérésìmesì ọdún 1935, ó tẹ orúkọ ilé oúnjẹ 167 sórí ìwé, ó fi ṣe ẹ̀bùn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń bẹ̀ ẹ́ fún tiwọn títí ó fi sọ ọ́ di ìwé gidi ní 1936, tó pè é ní Adventures in Good Eating. Tẹ́ ẹ bá ti rí páálí ìyẹ̀fun kéèkì tí wọ́n kọ Duncan Hines sí lára rí, òun náà nìyẹn.

Ìkejì ni Victor Hugo Green. Adúláwọ̀ ni, Harlem ní New York ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pín lẹ́tà láti ilé dé ilé ní Hackensack, ní New Jersey. Alma ìyàwó rẹ̀ wá láti Richmond, ní Virginia, lápá Gúúsù. Òun náà tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan, The Negro Motorist Green Book. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló wà nínú orúkọ ìwé yẹn.

Ìbéèrè tí Hines ń dáhùn ni pé, níbo ni oúnjẹ ti dùn? Ìbéèrè tí Green ń dáhùn ni pé, níbo ni wọn ò ti ní lé mi jáde?

Agolo nínú búùtù

Ẹ rántí ìgbà tí à ń sọ. Lápá Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn òfin tí wọ́n ń pè ní Jim Crow ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìjókòó wọn yàtọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ni dúdú ń jókòó. Ìdí nìyí tí adúláwọ̀ tó bá rówó fi ń sáré ra mọ́tò: nínú mọ́tò tiẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kó bọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń mu epo, ọmọ ń tọ̀, oorun ń kun dírẹ́bà. Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ilé epo kan á gba owó rẹ̀, wọ́n á ta epo fún un, àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Torí náà, àwọn ìdílé máa ń di oúnjẹ, bùláńkẹ́ẹ̀tì, epo inú gálọ́ọ̀nù, àti agolo táwọn ọmọ á máa tọ̀ sí, sínú búùtù. Àwọn ọkùnrin kan máa ń tọ́jú fìlà dírẹ́bà sítòsí. Bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró, tó ní ta ló ni mọ́tò tó dára tó báyìí, wọ́n á ní ọ̀gá òyìnbó àwọn ló ni ín, àwọn kàn ń wà á ni. Ẹ wò ó, kéèyàn sẹ́ mọ́tò tó fi òógùn ojú ara rẹ̀ rà, kó lè délé láàyè.

Èyí tó burú jù ni àwọn ìlú tí wọ́n ń pè ní sundown towns, ìlú tí dúdú ò gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀. Àwọn míì kọ ọ́ sórí pátákó lẹ́nu ibodè ìlú. Ẹ má sì rò pé Gúúsù nìkan ni o. Ní nǹkan bí ìdajì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí Route 66 là kọjá, ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá dúdú níbẹ̀. Ní Albuquerque, ní New Mexico, títí di ọdún 1955, òtẹ́ẹ̀lì tó lé ní 100 ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ìdá mẹ́fà péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń gba dúdú.

Kí ni dúdú fẹ́ fi ìwé Duncan Hines ṣe lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé Hines parọ́. Oúnjẹ yẹn lè dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé nìkan ló kọ ìwé náà fún, bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, bóyá kò mọ̀.

Báwo ni akólẹ́tà ṣe mọ̀?

Báwo ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ní New Jersey ṣe mọ ilé tó ṣí sílẹ̀ ní ìlú tí kò dé rí? Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló lò. Akólẹ́tà mọ ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò, ó mọ ẹni tó ní yàrá tó ṣófo. Green béèrè lọ́wọ́ àwọn akólẹ́tà ẹgbẹ́ rẹ̀ níbòmíì. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ka ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i: ibí gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ibẹ̀ yẹn ti kógbá wọlé. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àyíká New York ni ìwé náà kọ́kọ́ dá lé. Kò pẹ́ tó fi kárí Amẹ́ríkà, nígbà tó yá ó dé Canada, Mexico àti Bermuda. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, kò sí ìtàn gígùn nínú rẹ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀, orúkọ ìlú, lẹ́yìn náà òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, onígbàjámọ̀, onídìrí, télọ̀, ilé epo àti mẹkáníìkì. Níbi tí òtẹ́ẹ̀lì ò bá sí, ẹ máa rí orúkọ èèyàn àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Ìyá kan ló gbà kí àjèjì wá sùn sí yàrá òun, kó sì jẹun àárọ̀ kó tó máa lọ.

Sẹ́ńtì 25 ni wọ́n ń tà á níbẹ̀rẹ̀. Esso, iléeṣẹ́ epo, wà lára àwọn tó ń tà á láwọn ilé epo wọn, torí wọ́n gbà kí dúdú ní ilé epo lábẹ́ orúkọ wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ò gbà.

Ìwé náà ò pé o. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ìlú míì, ìlú míì ò sí níbẹ̀ rárá. Àmọ́ òfìfo yẹn náà ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún dírẹ́bà pé: rọ epo kún níbí, má sùn lójú ọ̀nà, ìlú tó kàn ò mọ̀ ọ́.

Wọn ò béèrè ìlú tó o ti wá

Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nìyẹn, pé ọmọ Áfíríkà tó mú ìwé ìrìnnà dání máa rí ojúure. Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní October 1957, Komla Gbedemah, mínísítà ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè Ghana, yà sí ilé oúnjẹ kan ní Dover, ní Delaware, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi ọsàn. Wọ́n ní dúdú ò lè jókòó mu ún níbẹ̀, àfi kó gbé e jáde. Oṣù March ọdún yẹn náà ni Nixon, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ bá wọn ṣàjọyọ̀ òmìnira ní Accra o! Ojú ti ìjọba débi pé Ààrẹ Eisenhower pe Gbedemah wá jẹun àárọ̀ ní White House.

Ní 1961, ó tún ṣẹlẹ̀. Adam Malick Sow, aṣojú orílẹ̀-èdè Chad, ń lọ sí Washington láti lọ fi ara rẹ̀ han Ààrẹ Kennedy. Ó yà sí ilé oúnjẹ kan lórí Route 40, ní Maryland, wọ́n kọ̀ láti tajà fún un. Ọ̀nà yẹn làwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ń gbà láti New York lọ sí Washington. 

Ìwé tó ń gbàdúrà pé kóun kú

Green fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sídìí láti tẹ̀ ẹ́ mọ́, pé ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ yẹn máa jẹ́. Ẹ ronú sí i: ọlọ́jà tó ń gbàdúrà pé kí ọjà òun má tà mọ́. Kò rí ọjọ́ náà. Ó kú ní 1960, Alma àtàwọn míì ń bá iṣẹ́ lọ. Ní July 2, 1964, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin tó ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni torí àwọ̀. Ẹ̀dà tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti 1966 sí 1967.

Ayọ̀ yẹn ní omijé nínú. Nígbà tí ilẹ̀kùn òyìnbó ṣí, àwọn oníbàárà gba ibẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì dúdú tó gbà wọ́n lọ́jọ́ ìṣòro sì ti ilẹ̀kùn pa. Ọ̀kan tó ṣì dúró ni Lorraine Motel ní Memphis, tí Walter Bailey àti Loree ìyàwó rẹ̀ ni. Ó wà nínú Green Book. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní April 4, 1968. Ó ti di ilé àkójọ ìtàn ìjà fún ẹ̀tọ́ aráàlú báyìí.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi

Mo ní kó bi ìwé tó bá fẹ́ rà ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ló kọ ọ́, ta ló sì kọ ọ́ fún? Kí ni wọ́n fẹ́ tà fún mi? Ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn, torí ọdún kan péré lè sọ òótọ́ di irọ́? Ṣé ẹnu àwọn tó gba ọ̀nà yẹn kọjá ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ò mọ sórí ìwé. Tí Google Maps bá fi ìràwọ̀ márùn-ún hàn yín, ẹ bi ara yín pé ìràwọ̀ ta ni? Obìnrin tó ń dá rìn lóru, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera, àwa aláwọ̀ dúdú, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ìràwọ̀ yẹn ò sọ fún un.

Mo ní kó ra ìwé tó bá wù ú fún àwọn ibi àrímáleèlọ. Ṣùgbọ́n kó pe àwọn èèyàn wa tó ń gbé lójú ọ̀nà yẹn kó tó gbéra, kó sì yà ní Memphis. Mo tún fi Green Book ránṣẹ́ sí i. Ilé ìkàwé gbogboògbò New York ti gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣí lórí fóònù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló tún fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun wá Houston níbẹ̀, òun rí orúkọ àdúgbò kan tí òun máa ń wa mọ́tò kọjá lójoojúmọ́, òun ò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ìgbà kan sùn níbẹ̀ torí pé kò sí ibòmíì tó lè sùn.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa rìn re o.